Òǹtẹ̀ Ìjọba Lórí Ìwé Ilé Biji

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án

Nilab, ìyàwó ọmọ mi, ló ń kọ ìwé yìí. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ní ìlú Dẹ́lì yìí, ohun tí o sọ lánàá, wọ́n á ní o kò sọ ọ́, nítorí pé o kò ní ìwé lọ́wọ́. Èmi náà yóò ní ìwé lọ́wọ́ wàyí.

A lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún àwọn àlejò ní físà láàárọ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: èmi, Sakhidad ọmọ mi, Nilab, àti Hosai ọmọ wọn. Òjò pa wá lórí ìlà. Obìnrin tó jókòó nídìí fèrèsé wo ìwé àdéhùn ilé wa, ó sì fi ìka kan tì í padà sí wa bí ẹni tó ń ti òkú eṣinṣin.

"Olóṣù mọ́kànlá lèyí," ó ní. "A kì í gba irú ẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ bá ti fi orúkọ sílẹ̀ fún lọ́dọ̀ ìjọba, tó ní òǹtẹ̀, la fẹ́. Orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ mú un wá kí oṣù yìí tó tán."

Sakhidad ní, "Bí a ò bá rí i ńkọ́, màdáàmù?"

"Físà yín parí nìyẹn. Ẹ mọ ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfúrufú."

A mọ̀ ọ́n. Láti ibẹ̀, Kábúlù ló kàn. Sakhidad wa ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ìjọba ibẹ̀ tó ṣubú. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, a kì í bèèrè wọn mọ́ lórí fóònù. N kò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn.

Tòmátì ti gbówó lórí. Mo ra àlùbọ́sà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Mo bá Tilak tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu alùpùpù rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti funfun, ó ṣì ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀. Mo sọ ohun tí ọ́fíìsì wí fún un.

"Màmá," ó ní, "oṣù mọ́kànlá ni gbogbo àdúgbò Bhogal ń kọ. Bàbá mi kọ ọ́, èmi náà ń kọ ọ́."

"Ta ló jí oṣù kejìlá gbé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá pé oṣù méjìlá, ìjọba gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Tí ìjọba bá ti mọ̀ sí i, ayálégbé ò ní kúrò mọ́, ilé ẹjọ́ lèèyàn á máa gbé. Ẹ má bínú o, Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí."

"Èmi ni. Ta ló tún dúró síbí?"

"Ẹ lọ bá Biji. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ilé. Èmi, mo kàn ń gba owó ni."

Biji ni gbogbo èèyàn ń pe ìyá Tilak. Òkè pátápátá ló ń gbé, àwa wà lábẹ́ rẹ̀. Ìró ọ̀pá rẹ̀ ni mo fi ń mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Mo gòkè. Biji ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, eyín méjì ló kù sí i lẹ́nu, méjèèjì ló sì fi ń bú èèyàn. Ìlú Bannu ni wọ́n bí i sí, lẹ́bàá ilẹ̀ tiwa, kí wọ́n tó pín India sí méjì, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó sá wá síbí. Nítorí náà ó gbọ́ èdè mi díẹ̀, pàápàá èébú inú rẹ̀. Omi ló fún mi, kò fún mi ní tíì.

"Òǹtẹ̀ ìjọba," ó ní. "Fún ará Kábúlù. Màá rò ó. Padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Ó dára ju rárá lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Mo kọ́kọ́ lọ sá aṣọ sórí òrùlé. Ẹnìkan ti gbé ìrẹsì tí wọ́n fi mílíìkì sè sórí ewé, lórí ògiri kúkúrú ibẹ̀. Kannakánná ńlá kan ń jẹ ẹ́, ó sì ń ta á sára aṣọ ilé ìwé Hosai tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo mú ìgbálẹ̀. Mo nà án dáadáa, ó bà á lẹ́yìn. Igbe ta lẹ́yìn mi.

"Ó ti pa á o! Ará Kábúlù ti lé bàbá ọkọ mi lọ!"

Biji ni, lórí àga. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ọkùnrin kankan lórí òrùlé.

Tilak sáré gòkè, ó ṣàlàyé. Òní ni ọjọ́ àwọn òkú wọn bẹ̀rẹ̀. Àwọn òkú ń gbé àwọ̀ kannakánná wọ̀ wá jẹun lọ́wọ́ ará ilé wọn. Tí ẹyẹ ò bá jẹ, ebi ń pa òkú nìyẹn, òkú tí ebi bá sì ń pa, kò ní jẹ́ kí alààyè sùn.

Mo ní, "Kí bàbá ọkọ yín má da ìrẹsì sára aṣọ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ nígbà náà."

Kò yẹ kí n sọ ọ́. Biji na ọ̀pá sí mi.

"Títí àwọn òkú á fi lọ, a kì í bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun. A kì í ra aṣọ, a kì í gbéyàwó, a kì í tẹ ìka sórí ìwé. Má bá mi sọ̀rọ̀ ìwé. Ìwọ lo lé e. Ìwọ ni wàá pè é padà."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Sakhidad bèèrè ní ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni àwọn òkú yóò tó lọ. Ó ní ọjọ́ tó kù lẹ́yìn ìyẹn á tó fún ìwé àti òǹtẹ̀. Ọmọ mi máa ń rò pé nǹkan á tó. Láti kékeré ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá

Mo dúró nínú oòrùn pẹ̀lú ìrẹsì lórí ewé, mò ń pe ẹyẹ. Èmi ìyá arúgbó. Biji jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó ń darí mi.

"Pè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Adìyẹ kọ́ ni."

"Kò gbọ́ èdè mi, Biji."

"Ó gbọ́ ọ. Ará Bannu ni."

Kò wá. Ẹyẹlé ló wá. Biji ní òun ò ní ẹyẹlé nínú ẹbí òun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Kò wá. Oòrùn ti bó mi nímú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èmi, Sakhidad àti Hosai jáde lọ wá ilé mìíràn. Ní ilé àkọ́kọ́ wọ́n bèèrè bóyá a máa ń se ẹran, nítorí wọn kì í jẹ ẹ́. Sakhidad ní bẹ́ẹ̀ ni, kò mọ irọ́ pa. Ní ìkejì, ó parọ́, wọ́n gbà. Nígbà tó dárúkọ Kábúlù, obìnrin náà rántí pé àbúrò òun ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀. Ọkùnrin ilé kẹta bọ̀ wá lọ́wọ́, ó fún Hosai ní bisikíìtì, títí a fi dé orí òǹtẹ̀ ìjọba. Ó ní, "Ẹ kúkú lọ ra ilé tiyín." Ó gba bisikíìtì tó kù sínú páálí padà.

Mílíìkì ti lọ sókè pẹ̀lú rúpì méjì. Kannakánná tí kò wá ni mò ń rà á fún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó wá. Ó bà sórí ògiri, ó fi ojú kan wò mí bí ẹni tó rántí ìgbálẹ̀, ó sì jẹ gbogbo ìrẹsì náà tán. Biji sunkún díẹ̀, ó sì pariwo sí Tilak pé kó gbé tíì wá fún èmi náà.

Mo rò pé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀, nítorí náà mo fi ọ̀rọ̀ ilé bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ orúkọ kan sára òkúta òkè ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún bò. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ìrísí lẹ́tà Kùránì. Mo bi í pé ta ló kọ́ ilé náà.

"Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Karamat," Biji ní. "Irú tiyín. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀, ó sá lọ síbi tí àwa ti sá wá. Àpótí irin kan la gbé wọlé. Ìyàwó kékeré ni mí nígbà yẹn. Ìjọba ní ká sùn síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bàbá ọkọ mi ní, fúngbà díẹ̀ náà ni. Lẹ́yìn náà ìjọba fún wa ní ìwé. Olóǹtẹ̀."

Ó mu tíì rẹ̀. Mo dúró dè é.

"Ní ọdún kejì, onílé padà wá. Ó dúró ní òdìkejì títì, ó di igi mú. Kò pariwo. Bàbá ọkọ mi sọ̀kalẹ̀, ó fi ìwé hàn án. Ọkùnrin náà kà á tán, ó bèèrè omi. Èmi ni mo gbé omi fún un. Ó mu ún, ó dá ife padà, ó lọ. Wàyí, ìwọ náà ti ìlú tí ogun fọ́ wá, o gbé àpótí kan dání, o ń wá ìwé olóǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

"Biji, fúngbà díẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Fúngbà díẹ̀ ni."

Nilab ń bi mí báyìí pé kí ló dé tí n kò dá a lóhùn. Èsì wo? Kò purọ́. Ká ní èmi ni mo wà nípò rẹ̀, bóyá n kò tilẹ̀ ní gbé omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ogún

Sakhidad ní kí n lọ kúnlẹ̀ fún Biji. Mo ní eékún mi ti gbó, kó fi tirẹ̀ lọ. Ó lọ. Ó ní ìyá náà wo òun láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin, ó sì fi ọ̀pá júwe ilẹ̀kùn fún òun.

Sakhidad kò jẹun alẹ́. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ fún Hosai.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Biji fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ lókè orí wa títí mo fi gòkè lọ bá a. Òun nìkan ló wà nínú yàrá.

"Mo ti rò ó. Bí àwọn òkú bá ti lọ, màá tẹ ìka."

"Ọlọ́run á san án fún ọ."

"Má tíì dúpẹ́. Ìwọ, ìyàwó, ọmọbìnrin kékeré yẹn. Orúkọ mẹ́ta. Ọkùnrin yẹn, rárá. Kò ní sí lórí ìwé, kò sì ní sùn nínú ilé mi."

"Ọmọ mi ni, Biji."

"Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo wo èjìká rẹ̀. Bàbá ọkọ mi náà ní irú èjìká bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo gbé omi kọ́ ló gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ọkùnrin tó mú ìwé dání ni. Obìnrin kì í gba ilé."

"Orúkọ tìrẹ ló wà lórí èyí."

"Ikú ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ó pa wọ́n tán kó tó kàn mí." Ó fi ọ̀pá kan ẹsẹ̀ mi. "Mẹ́ta, tàbí kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ẹrù yín. Má lọ bi ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀. Ìwọ ni àgbà ilé. Sọ ọ́ síbí."

Mo ronú díẹ̀. Bí a bá kó ara wa lọ, wọ́n á mú Sakhidad ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, á wá ku obìnrin méjì àti ọmọbìnrin kan ní Kábúlù láìsí ọkùnrin. Bí a bá dúró, ó ṣì lè fi ara pamọ́ sí ìlú tó tóbi tó báyìí. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ó dáa.

Nilab, má dúró. Kọ ọ́: mo ní ó dáa. Gbé bírò yẹn nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ ni. Kó tó di ọkọ rẹ, ta ló bí i? Kọ ìyẹn náà.

Bí o bá fẹ́ sunkún, fa ìwé sẹ́yìn kó má rin.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Sakhidad ló ń kọ lónìí. Nilab kò dá mi lóhùn láti àná. Ọwọ́ ọmọ mi wúwo lórí bírò. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń ha ìwé.

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti gbà kí ẹ tó bi mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ká ní ẹ kọ́kọ́ bi mí ńkọ́?"

"Ìwọ ì bá ti ní kí n gbà. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa sọ ọ́."

Bírò náà dákẹ́. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó ní òun ti kọ ọ́. N kò mọ̀. N kò mọ ìwé kà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Nilab ti padà sídìí ìwé. Kí ó tó gbé bírò, ó sọ tẹnu rẹ̀.

"Ẹ yọ orúkọ tèmi náà kúrò, Ìyá. Èmi àti ọkọ mi ni yóò jọ wà níbi tó bá wà."

"Hosai ńkọ́?"

Ó yí ojú sí ibùsùn ọmọ náà.

Mo ní, "Bí iná bá jóni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n."

"Orúkọ yín wà lórí ìwé. Ẹ ti gbọn tara yín."

Mo ní kó kọ èyí gan-an sílẹ̀, nítorí pé ó gún mi. Ó kọ ọ́, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo rí ìlà náà.

Lókè, Biji ń sin àwọn òkú rẹ̀ lọ sílé. Mò ń gbọ́ agogo kékeré.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Biji ní òní dára fún ohun tuntun. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ osùn, ó da òróró sórí. Tilak gbé wa sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, èmi àti Biji lẹ́yìn, òun níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ní gbogbo kòtò títì ni Biji fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ.

Nínú ọ́fíìsì ìwé ilé, àwọn lọ́yà ń tọ èèyàn lẹ́yìn bí ajá ẹnu ọ̀nà alápatà. A jókòó láti òwúrọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán àwọn akọ̀wé fi tán lẹ́nu wọn. Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé náà na bírò sí Biji. Ó kọ̀ ọ́. Ó nà án sí mi. Mo kọ̀ ọ́.

"Ìyá méjì," akọ̀wé ní, "ẹnìkankan kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ta wá ni onílé, ta ni ayálégbé?"

Biji ní, "Èmi ni mo ní eyín."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ya àwòrán wa. Ó fi ẹnu ka ìwé náà fún wa, ó dé ibi iye èèyàn inú ilé, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ ó máa gbé ibẹ̀, Màmá?"

Biji yí ojú sí mi. Tilak ń wo bàtà rẹ̀.

"Mẹ́ta," mo ní.

"Kò sí ọkùnrin?"

"Kò sí."

Mo tẹ ìka. Biji tẹ ìka. Òǹtẹ̀ náà kò ju ìdérí ìgò lọ. Mo ti rò pé yóò tóbi jù bẹ́ẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, Biji di apá mi mú kó má baà ṣubú. Ó ní, "O ò sunkún." Mo ní, "Ìwọ náà ò sunkún nígbà tí o gbé omi." Ó ní òun sunkún lẹ́yìn náà, nínú ilé ìdáná. Mo ní ilé ìdáná tiwa kéré.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Obìnrin ojú fèrèsé gba ìwé olóǹtẹ̀ náà, ó kà á, ó fún èmi, Nilab àti Hosai ní ọdún kan sí i. Ó yẹ ìwé náà wò lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọkùnrin tó bá yín wá nígbà yẹn dà?"

Nilab dá a lóhùn kí n tó lanu. "Ó ti lọ," ó ní.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó pa á dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ọgbọ̀n

Sakhidad ká ibùsùn rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ni yóò máa sùn, láàárín àpò ìyẹ̀fun. Ọ̀gá rẹ̀ gbà, ó sì ti gé owó iṣẹ́ rẹ̀ kù, nítorí ó mọ̀ pé kò ní ibi tó lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró lójú títì, kò ní ohun tó fẹ́ fi hàn wọ́n. Mo ní kó fá irùngbọ̀n rẹ̀, kó máa rìn bí ará Dẹ́lì. Ó bi mí pé báwo ni ará Dẹ́lì ṣe ń rìn. Mo ní, bí ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí.

Hosai bèèrè ibi tí bàbá rẹ̀ ń lọ. Mo ní iṣẹ́. N kò parọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá

Òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Tòmátì ti wálẹ̀ díẹ̀.

Sakhidad wá jẹun ọ̀sán. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì gbé e lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn, nítorí pé bí bàtà ọkùnrin bá wà lẹ́nu ọ̀nà wa, Tilak á rí i bó bá ń gòkè. Ó wọlé pẹ̀lú bàtà lábẹ́ apá bí olè. Ìyẹ̀fun wà létí rẹ̀. Ó ti rù. Hosai fi ìwé ilé ìwé rẹ̀ hàn án, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Nilab gbé tíì wá. Ó dúró síbi ìkòkò, ó bi mí bóyá kí òun fi ṣúgà sí ti Sakhidad. Kò bèèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ní ilé wa, ará ilé ń mu tíì lásán. Àlejò là ń fi ṣúgà sí tirẹ̀.

Mo ní kó fi sí i. Ṣíbí méjì.

Sakhidad tọ́ ọ wò, ó sì gbójú sókè wò mí.

"Mu ún kó tó tutù," mo ní.

Ó mu ún tán. Ó gbé ife náà kalẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.